Ewúrẹ́ Jẹ, Ó Relé: Ìsinmi Ọyẹ́ àti Òwe Ẹnu Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ewúrẹ́ jẹ, ó relé, àgùntàn jẹ, ó relé, à-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn lónìí ló lè ka òwe yìí láìsí àṣìṣe, tí olùkọ́ yóò sì fún wọn ní máàkì tó jọjú. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n fojú ara wọn rí ewúrẹ́ tó ń darí bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó fà á lókùn, ẹnu wọn yóò wọhò. Wọ́n mọ òwe náà. Wọn kò mọ ewúrẹ́.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn tó fẹ́ràn lítíréṣọ̀ Yorùbá bìkítà nípa bí àwọn ọmọ ṣe ń lo ìsinmi oṣù Kejìlá. Láyé ìgbà kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ọdún Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ni wọ́n ń kó ọmọ lọ, ní ìlú tàbí abúlé tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọyẹ́ yóò ti dé. Ètè a máa bó, ẹsẹ̀ a sì funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ eérú. Koríko yóò ti gbẹ, nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ń dúró de ọmọ ni oúnjẹ ewúrẹ́. Yóò bá wọn gé ewé ọdán tó ṣì tutù. Yóò sá èèpo ẹ̀gẹ́ sí oòrùn, nítorí ìyá àgbà ti kìlọ̀ pé èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lè ní oró nínú, kí ó má baà pa ẹran. Ní òwúrọ̀, yóò tú wọn sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò kà wọ́n.

Iṣẹ́ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè ni. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé òbúkọ yàtọ̀ sí ewúrẹ́, nítorí òórùn òbúkọ yóò ti sọ fún un kí ó tó fojú rí i. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàsìn, ètò tí ẹnìkan fi ń gbé abo ẹran fún ẹlòmíràn kí ó máa bá a sìn ín, kí wọ́n sì jọ pín ọmọ tó bá bí. Àwọn ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa kì í pẹ́ bímọ: nǹkan bí oṣù márùn-ún ni oyún wọn, wọ́n sì sábà máa ń bí ìbejì. Nítorí náà, ọmọ tó gba àgbàsìn ní ọyẹ́ yìí lè di ọlọ́sìn kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni yóò ti mọ ohun tí sìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń sọ pé a tọ́ ẹran dàgbà, pé a bá àlejò rìn dé ojú ọ̀nà, àti pé a fi orí balẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìwé atúmọ̀ èdè lè to ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ti jókòó ti ewúrẹ́ tó ń rọbí lóru ọyẹ́ ni yóò mọ̀ bí wọ́n ṣe jẹ́ ọ̀kan.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kóyán iṣẹ́ àwọn tó ń kó òwe jọ kéré. Isaac Délànọ̀ gbé Òwe Lẹ́ṣin Ọ̀rọ̀ jáde ní ọdún 1966. Ní ọdún 2005, Oyèkàn Owómóyèlà tẹ àkójọ tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, òwe inú rẹ̀ sì lé ní 5,000. Láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ òwe ì bá ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń para pọ̀ di òwe: ohun tí ojú rí, àti ọ̀rọ̀ tí a fi wé e. Bí ohun tí ojú rí bá ti sọnù, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù, òwe á sì di òfin gbígbẹ tí ọmọ ń há sórí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Kí ìdìbò ọdún 2015 tó wáyé, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi iṣu àti ewúrẹ́ ṣe àkàwé ìwà ìbàjẹ́: bí a kò bá fẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ iṣu, kí a gbé iṣu jìnnà sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú, ewúrẹ́ sì di orúkọ olè lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ọmọ tó ti da ẹran rí kò ní bínú sí ewúrẹ́. Yóò rántí ọjọ́ tí òbúkọ já lọ jẹ iṣu aládùúgbò. Kò sí ẹni tó bá òbúkọ rojọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí kò so okùn dáadáa ni wọ́n pè, òun ló sì dọ̀bálẹ̀ bẹ oníṣu. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi olóṣèlú: ọwọ́ ta ni okùn wà? Ẹni tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ló ti mọ ewúrẹ́ kò ní rántí bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí mìíràn ní àròyé kan tó lágbára. Wọ́n ní bí ọmọ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì bá ewúrẹ́ ṣeré, tí wọ́n wá pa á lọ́jọ́ ọdún, ọkàn ọmọ náà yóò gbọgbẹ́. Òótọ́ ni. Ọmọ mìíràn yóò sunkún, yóò sì kọ ẹran inú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún yẹn kì í ṣe òfò. Ẹran tí ọmọ ìlú ńlá ń jẹ láti inú fíríìjì kú bákan náà. Wọ́n kàn fi ikú rẹ̀ pa mọ́ fún un ni. Ìyá àgbà kì í tan ọmọ: láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́ pé ẹran ọdún ni eléyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń fi iná sun irun wọn, tí wọ́n sì ń jẹ wọ́n tawọtawọ. Èyí tí wọ́n bá bó awọ rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ ìlù, nítorí awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ojú dùndún. Ìlù tó ń ki oríkì, tó ń pa òwe, tó ń gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá jáde, ara ewúrẹ́ ló ti ń fọhùn. Kí èyí tó lè yé ọmọ dénú, ó yẹ kí ó ti gbọ́ ohùn ewúrẹ́ náà nígbà tó wà láàyè.

Kì í ṣe pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Iṣẹ́ ẹran dídà a máa sú ọmọ. Àwọn kan jẹ pàṣán nítorí ewúrẹ́ tó sọnù. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé owó ọkọ̀ ti gunkè, pé ọ̀nà mìíràn kò fini lọ́kàn balẹ̀, àti pé àwọn ìyá àgbà kan ti kó tọ ọmọ wọn lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ìdílé tó wọ ọkọ̀ òfurufú láti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe àríyá oṣù Kejìlá ní Èkó lè dé Ìlá tàbí Ìṣẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìdílé tó ń san owó ẹ̀kọ́ àfikún fún ọmọ nínú ìsinmi lè yọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Kí ọmọ ní ewúrẹ́ kan tí yóò pè ní tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kódà kó jẹ́ àgbàsìn. Kí olùkọ́ Yorùbá pẹ̀lú yé fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kí ó da ogún òwe kọ. Kí ó ní kí ó kọ ohun tí ewúrẹ́ kan ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òwe yóò ti inú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Ohun tó ń mú ewúrẹ́ padà kò ju pé ó mọ̀ pé ẹnìkan wà nílé tí yóò kà á, tí yóò sì máa wọ̀nà fún un bí ó bá pẹ́. Títí di ìsinsìnyí, ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ìyá arúgbó ṣì ń da èèpo iṣu sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, ó sì ń pe ẹran rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ń jẹ́ ìpè náà. Ó ku àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.