Ọmọ Tó Ń Ka Ṣéńjì Kò Yẹ Kó Sá fún Máàsì

Bí ọmọbìnrin kan bá jókòó ti gàrí ìyá rẹ̀ lọ́jà Ìjàyè, oníbàárà wo ló fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ? Kọ́ńgò mẹ́ta àtààbọ̀, ẹ̀dínwó díẹ̀, ṣéńjì ẹgbẹ̀rún márùn-ún: ó ti ṣe é tán láìmú bírò. Ọmọ yìí kan náà ni yóò dé kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, tí tíṣà á kọ ìdajì àti ìdáta sójú bọ́ọ̀dù, tí ojú rẹ̀ á sì wálẹ̀.

Ta ló dẹ́rù bà á? Àwa náà ni. Ìyá á rẹ́rìn-ín pé, "Èmi náà ò mọ Máàsì nígbà tèmi." Bàbá á ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó kàwé, kí ọmọbìnrin náà lọ fọ abọ́.

Ìṣirò kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí. Adolphus Mann, òyìnbó ajíhìnrere ẹgbẹ́ CMS, gbé ní Ìjàyè kí ogun tó fọ́ ìlú náà ní 1862. Ní 1887 ó kọ̀wé nípa bí Yorùbá ṣe ń ka nọ́ńbà, àti bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ: márùn-ún márùn-ún lọ́nà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì, ó di igba. Ẹni tó bá sì pe márùndínláàádọ́ta ti fi ogún lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá, ó tún ti yọ márùn-ún, kó tó pa ẹnu dé. Owó ẹyọ yẹn làwọn ìyá wa ayé àtijọ́ fi ń ṣòwò.

Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí náà ni Grace Alele-Williams ti gboyè nínú Máàsì ní 1954, tó sì lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Queen's School, Ẹdẹ. Ní 1963 ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di gíwá Yunifásítì Bìní. Obìnrin kankan ò tíì ṣe é rí ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ ronú ọ̀mọ̀wé. Ọmọ yín ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, àbí? Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Máàsì. Ọ̀pọ̀ kì í rántí èyí àfi ìgbà tí WAEC bá kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ JSS 1 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà. Àfọwọ́ṣe sì ni Máàsì, kò ṣe é há sórí. Nítorí náà, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan fún un lójúmọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ abọ́ lásìkò náà. Bó bá gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ ní kó fi ibi tó ti dàrú hàn yín.

Ìyá tí kò kàwé náà lè ṣe é. Bí ẹ bá ń ta gàrí lọ́wọ́, ẹ bi í pé: "Mo pín kọ́ńgò yìí sọ́nà mẹ́ta, mo ta méjì, kí ló kù?" Yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ wá na bírò sí i pé kó kọ ohun tó sọ yẹn sínú ìwé.