A Gba Oko Lọ́wọ́ Àbújá: Ta Ni Yóò Ro Ó?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn adájọ́ 7 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ẹnu kò, Adájọ́ Mohammed Idris sì ka ìdájọ́ náà, pé àwọn aṣòfin Ìjọba Àpapọ̀ kò ní àṣẹ láti ṣe òfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ kankan. Agbègbè olú-ìlú Àbújá nìkan ni wọ́n lè ṣe é fún. Báyìí ni òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005 ṣe di òkú òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó pe ẹjọ́ náà ní ọdún 2008; ọdún 16 ni a fi dúró de ìdájọ́.

Ìdí tí a fi jàre kò ṣòro. Ìwé òfin ìpilẹ̀ ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ka èyí tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ ni. Lọ́tìrì kò sí nínú èkínní, kò sì sí nínú èkejì. Nítorí náà, ti ìpínlẹ̀ ni. Àgbẹ̀ mọ èyí láìlọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin: ẹni tí kò gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ wá kórè níbẹ̀.

Síbẹ̀, ní ọdún 2025, àbá òfin mìíràn tún yọjú níwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá, láti tún fi ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀ bọ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Àwíjàre wọn ni pé tẹ́tẹ́ orí fóònù kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ṣé odò mọ ààlà? Àgbẹ̀ méjì tí odò kan la oko wọn kọjá a máa jókòó sọ ọ́ ni. Wọn kì í torí odò kó oko fún ẹlòmíràn. Bí Èkó àti Ògùn bá ní ohun tí wọn yóò jọ ṣe, kí wọn pe ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Oko tí a gbà yìí kún fún èpò. Ẹ rìn láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, kí ẹ sì yà sí Ìgàndó, ẹ ó rí ilé tẹ́tẹ́ lójú pópó àti ní kọ̀rọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Ìjọba Àpapọ̀ ka Alímọ̀ṣọ́ ní 1,277,714, Ìjọba Èkó sì kà á ní 2,047,026. Ìjọba méjì kò fi ẹnu kò lórí iye wa, ṣùgbọ́n onítẹ́tẹ́ mọ̀ wá lójúlé-ojúlé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò díẹ̀. Nínú lọ́tò tí a ti ń mú nọ́ńbà 5 jáde nínú 90, ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà méjì ní ìrètí ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400. Bí ó bá jẹ, ìlọ́po 240 owó rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń san fún un. Èyí ni pé bí ènìyàn 400 bá ta ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 ni ó wọlé, nǹkan bí ₦24,000 ni yóò padà jáde. Àgbẹ̀ wo ni yóò kọ ebè 100 nígbà tí ó ti mọ̀ ṣáájú òjò pé 40 nínú wọn kò ní ta iṣu? Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ọmọ wa nìyẹn.

A kò sọ pé kí a fi òfin lé gbogbo onítẹ́tẹ́ wọ inú igbó. Tẹ́tẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ burú ju èyí tí ó ní lọ. Ṣùgbọ́n okùn ni ìwé àṣẹ, a kò sì so okùn mọ́ ẹran lọ́rùn kí ó lè jẹ oko olóko. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1960 ni ó gba ilé tẹ́tẹ́ láàyè, wọ́n sì ṣí ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1961. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ìjọba ibẹ̀ gé iye tí ènìyàn lè fi ta lẹ́ẹ̀kan lórí àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan láti 100 pọ́n-ùn sí pọ́n-ùn 2. Ní ọdún 2020, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì ìyáwó ta tẹ́tẹ́ mọ́. Níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú ni ó ń fún ilé tẹ́tẹ́ ní àṣẹ.

Àwa ńkọ́? Ìwé òfin ìpilẹ̀ wa fi àkóso ṣọ́ọ̀bù, kíósìkì àti pátákó ìpolówó sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọtí pàápàá, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fún un ní ìwé àṣẹ. Kí ni ó wá dé tí ará Ìgàndó kò fi ní gbọ́ pé ilé tẹ́tẹ́ ń bọ̀ ní àdúgbò rẹ̀, àfi nígbà tí ó bá rí ọ̀dà tuntun lára ògiri?

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Aláùsá nìyí. Èkínní, kí a má fún ilé tẹ́tẹ́ kankan ní àṣẹ láìfi ọ̀rọ̀ lọ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò, kí ó má sì sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Èkejì, kí a tẹ orúkọ gbogbo ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ jáde lọ́dọọdún, pẹ̀lú iye tí ìjọba gbà. Ẹ̀kẹta, òfin Èkó ti ọdún 2021 kọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti ta tẹ́tẹ́; ẹni tí ó bá gba owó ọmọdé, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ìpín nínú owó náà padà wá ṣe ọ̀nà, kí ó sì dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí a ti rí owó náà.

Àwọn kan yóò ní ìjọba nílò owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, tí Alímọ̀ṣọ́ ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, owó-orí àti òógùn àgbẹ̀ oníkòkó ni òpó rẹ̀. Ìjọba tí ó ń jẹun lára àdánù ọmọ rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́n.

Ẹ̀yin ará, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ yín pé ilé tẹ́tẹ́ mélòó ni ó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, ta ni ó sì fún wọn láṣẹ. Bí kò bá mọ̀, ẹ rán an kí ó lọ kà wọ́n.