Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: Dave Eggers, Olóòtú Tó Borí Òǹkọ̀wé

Ẹnu àwọn òǹkàwé Amẹ́ríkà kò kò lórí Dave Eggers. Àwọn kan ń kan sáárá sí i, àwọn mìíràn ní ìwàásù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lójú tiwa, kò sí ìhà tó jẹ̀bi, torí iṣẹ́ méjì, ti òǹkọ̀wé àti ti olóòtú, ni wọ́n ń wò lọ́wọ́ ẹnì kan. Iṣẹ́ olóòtú rẹ̀ la fi ṣíwájú.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tí jẹjẹrẹ pa bàbá àti ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ kékeré dàgbà ní California. Ìtàn náà ló kọ sínú A Heartbreaking Work of Staggering Genius ní 2000, òkìkí sì dé. Ṣùgbọ́n kí òkìkí tó dé ló ti ń ṣe ìwé àtìgbàdégbà. Ọ̀kan nínú wọn, Might, kú ní 1997. Ní 1998 ó dá McSweeney's sílẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn olóòtú ibòmíràn ti kọ̀ ló sì kó sínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dà kan jáde bí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ gbàràmù, òmíràn wà nínú àpótí tó rí bí orí ènìyàn. Àṣejù wà níbẹ̀, a gbà. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti lé lẹ́nu ọ̀nà gbogbo rí ilé wọ̀.

Ní 2002, òun àti olùkọ́ kan, Nínive Calegari, ṣí 826 Valencia ní San Francisco, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ìlú ní ṣọ́ọ̀bù ni iwájú ilé náà gbọ́dọ̀ jẹ́, ni wọ́n bá ń ta ohun èlò àwọn ajalèlókun. Irú rẹ̀ ti wà ní àwọn ìlú mìíràn báyìí.

Nínú àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀, What Is the What (2006) la kà sí pàtàkì jù. Ohùn Valentino Achak Deng, tó sá fún ogun Sudan nígbà èwe, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Owó ìwé náà ni wọ́n sì fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí Marial Bai, abúlé tí Deng ti wá. Eggers tẹ́tí kó tó kọ, bí olóòtú ti ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú The Circle (2013). Ìkìlọ̀ tó fi ń bá àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wí tọ̀nà, àmọ́ kò pẹ́ tí òǹkàwé fi mọ ibi tó ń lọ, àwọn ẹ̀dá ìtàn sì di agbẹnusọ lásán. Nígbà tí The Every tẹ̀ lé e ní 2021, ó kọ̀ kí Amazon ta ẹ̀dà ẹlẹ́yìn líle rẹ̀, ó fi í fún àwọn ìsọ̀ ìwé kéékèèké. Ọgbọ́n tó fi tà á ju ọgbọ́n tó fi kọ ọ́ lọ.

Ẹjọ́ kan kù tí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, McSweeney's, gbọ́dọ̀ jẹ́. The Believer, ìwé àtìgbàdégbà tí Vendela Vida, ìyàwó Eggers, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2003, ni wọ́n gbé fún yunifásítì kan ní Las Vegas ní 2017. Yunifásítì náà pa á tì, ó tà á, ariwo sọ, McSweeney's sì gbà á padà ní 2022. Wọn ì bá má jẹ́ kó jáde nílé rí.

Ní 2024, The Eyes and the Impossible gba àmì ẹ̀yẹ Newbery fún ìwé ọmọdé. Ajá ló ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Eggers kò sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.