Ṣé "Fẹ́" Ni Tàbí "Sẹ́"?

Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti sùn nínú Olúwa ni ó wà níbẹ̀, tí Màmá ń sọ ìtàn Peteru fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí Peteru ti sẹ́ Jesu, àwọn ọmọ ń bi ara wọn bóyá "fẹ́" ni Màmá wí tàbí "sẹ́". Arábìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Brọ̀dá, ẹ bá mi tún un ṣe."

Mo wò ó: sample rate rẹ̀ jẹ́ 8,000, bit depth rẹ̀ jẹ́ 8. Àánú ṣe mí.

Ẹ̀rọ kì í gba ohùn sílẹ̀ lódindi. Ńṣe ni ó ń wọ̀n ọ́n léraléra. Sample rate ni iye ìgbà tí ó ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn tí ó sì lè mú kò lè ga ju ìdajì iye náà lọ. Etí ọ̀dọ́ ń gbọ́ ohùn tí ń gbọ̀n tó ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdí nìyí tí CD, tí ó jáde ní 1982, fi ń lo 44,100. Ẹni tí ó bá lo 8,000 kò lè mú kọjá 4,000, òkè ibẹ̀ gan-an sì ni ohun tí ó ń ya "s" sọ́tọ̀ kúrò lára "f" pọ̀ sí.

Bit depth ní tirẹ̀ dà bí ìlà ara òṣùwọ̀n. 8 ní ìpele 256 péré, 16 ní 65,536, 24 sì ju mílíọ̀nù 16 lọ. Bí ìpele bá kéré, ariwo "ṣààà" a máa bo ohùn jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ sì mọ bí àgbà ti í sọ̀rọ̀!

A lè sọ 8,000 di 44,100 lónìí. Fáìlì yóò tóbi, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí a bomi lu ọbẹ̀ ni: ẹran kò pọ̀ sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ yan 48,000 àti 16, tàbí 24 bí ẹ̀rọ yín bá gbà á. 24 yóò jẹ́ kí ẹ lè dín ohùn kù díẹ̀, kí igbe "Halelúyà" òjijì má baà fọ́. Ẹ lè ṣe ẹ̀dà kékeré fún àwọn ará lẹ́yìn náà. Ní ti àwọn tí ń wá 192,000 fún ìwàásù, èmi kò rí èrè rẹ̀. Ẹ kúkú sún gbohùngbohùn mọ́ ẹnu, kí ẹ sì pa fáànù.

Bàbá arábìnrin náà ṣì wà láàyè. Mo ti bá a yí fóònù náà sí 48,000, ó sì ní òun yóò lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé.