Ẹ Má Gba Bàálù Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin òbí, bàálù oníke tí àwọn ará wa ń fi ránṣẹ́ láti London, tí ọmọ yóò tò pọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Ẹ wo Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí Airfix dín kù sí ìdá kan nínú 24: apá rẹ̀ ṣì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 47! Ibi ìjókòó awakọ̀ ni ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kùn lọ́dà. Tó bá ti lẹ ìdajì ara rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ kò lè débẹ̀ mọ́. Níbi tó ti ń dúró kí ọ̀dà gbẹ ni bàbá ti ń já a gbà, pé ó ń fàkókò ṣòfò. A kò fara mọ́ ọn. Bó gba oṣù mẹ́ta, kó gbà á. Kí bàbá ṣí fèrèsé nítorí òórùn gọ́ọ̀mù, kó sì mójú tó abẹ.