Ẹni Òrìṣà Pẹ̀lú A Máa Ṣàìsàn

Yorùbá ní orúkọ méjì fún ohun méjì. Ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni àwọn àgbà ń pè ní ọ̀dẹ̀ tàbí dìndìnrìn. Ẹni tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, tí nǹkan wá yí padà fún un, ni wọ́n ń pè ní wèrè. Orúkọ méjèèjì le létí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n pe ọmọ ọlọ́mọ lónìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí àwọn àgbà rí ṣì wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn, irú ẹ̀dá tí ènìyàn jẹ́ ni. Èkejì ni àìsàn tó dé bá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé èkejì lè dé bá ẹni tó ti ní àkọ́kọ́.

Kò sí olórìṣà tí kò mọ ìtàn ẹmu. Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Ọjọ́ tí ẹmu pa á, ọwọ́ rẹ̀ ṣe àwọn kan yàtọ̀, ó sì gbà wọ́n ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àfín, abuké, arọ àti aràrá fi ń jẹ́ ẹni òrìṣà, tí àwọn ọmọ Ọbàtálá kò sì fi ń mu ẹmu títí di òní. Ọ̀wọ̀ kan náà ló tọ́ sí ọmọ tó ní Down syndrome tàbí ọ́tísíìmù. Àmọ́ gbólóhùn kan wà tó ń jáde láti inú ọ̀wọ̀ yìí tó lè pa ènìyàn lára: "Bí òrìṣà ṣe dá a nìyẹn." Bí ọmọ náà kò bá sùn mọ́, bí kò bá jẹun mọ́, bó bá ń sunkún lójoojúmọ́, gbólóhùn náà ni wọ́n máa ń fi bò ó mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe olórìṣà nìkan ló ń ṣe èyí. Àwọn dókítà náà ń ṣe é. Ní 1982, Steven Reiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn aláìsàn kan náà fún àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé òye ẹni náà lọ́ra, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí àìsàn ọpọlọ tó wà lójú ìwé mọ́. Ìpèníjà ti ṣíji bo àìsàn. Bẹ́ẹ̀ àìsàn náà kò ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àgbàlagbà 1,023 tó ní ìpèníjà òye ní agbègbè Glasgow, tí wọ́n gbé jáde ní 2007, nǹkan bí 4 nínú 10 ló ní ìṣòro ìlera ọpọlọ.

Ìlú Dublin ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà kan, ilé wèrè àti ilé àwọn òtòṣì ni wọ́n ń kó ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra sí. Ní 1869, dókítà Henry Hutchinson Stewart ṣètìlẹ́yìn kí wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀. Òun ló di Stewarts tó wà ní Palmerstown lónìí. Ní 1955, ìyá kan, Patricia Farrell, kó àwọn òbí ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, láti ibẹ̀ sì ni St. Michael's House ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè gba ìtọ́jú láì kúrò lọ́dọ̀ òbí. Ìyapa yìí ṣe rere, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpèníjà àti àìsàn pọ̀ bọ́ sí àárín ilé méjì. Èyí ní ti tọ̀hún ni, tọ̀hún ní ti èyí ni. Ní 2006, ètò ìjọba tó ń jẹ́ A Vision for Change ní kí agbègbè tó ní ènìyàn 300,000 ní ikọ̀ méjì fún àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye àti àìsàn ọpọlọ, àti ikọ̀ kan fún àwọn ọmọdé. Dókítà ọpọlọ, onímọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí àti nọ́ọ̀sì ló yẹ kó wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kì í ṣe gbogbo ibi ni ikọ̀ wọ̀nyí ti pé.

Nítorí náà, ojú ará ilé ni ìṣọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan ní Balbriggan, tí kì í sọ̀rọ̀, bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri, ìbéèrè kìíní ni pé: kí ló ń dùn ún? Eyín ni, etí ni, àbí kò rí ìgbẹ́ yà? Èkejì: kí ló yí padà? Bóyá olùtọ́jú tó mọ̀ ti lọ, tàbí ìyá àgbà kú nílé tí wọn kò sọ fún un. Ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra náà ń ṣọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá fi òkú pa mọ́ fún un, ó ṣì mọ̀ pé ẹnì kan kò sí mọ́. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìbẹ̀rù àti àìsàn ọpọlọ mìíràn. Fún ẹni tó ní Down syndrome tó ti ń sún mọ́ 50 ọdún, ó yẹ kí wọ́n yẹ àrùn ìgbàgbé wò pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ láti Trinity College níbí tẹ̀lé obìnrin 77 tó ní Down syndrome fún 20 ọdún, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Ohun tí ará ilé ń pè ní agídí lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibì kan wà tí olórìṣà ní láti ṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Òrìṣà a máa gun ènìyàn, ṣùgbọ́n ojúbọ àti ìlù ló ń pè é, àwọn àgbà ló ń tọ́jú elégùn, òrìṣà á sì padà lọ. Ohùn tó ń halẹ̀ mọ́ ọmọ tọ̀sán tòru, tí kò jẹ́ kó sùn, kì í ṣe gígùn. Dókítà ló yẹ kó tètè rí i. Ní ìdàkejì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Down syndrome ló máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti fi ro nǹkan. Èyí nìkan kì í ṣe wèrè, kò sì nílò oògùn tàbí ètùtù.

Ọ̀rọ̀ ewé náà wà níbẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi tọ́jú wèrè láti ìgbà pípẹ́, agbára rẹ̀ kì í sì í ṣe ìtàn lásán: reserpine, tí àwọn ilé ìwòsàn lò fún àìsàn ọpọlọ nígbà kan, wà nínú rẹ̀. Nítorí agbára yìí gan-an ni kò ṣe yẹ kí wọ́n rọra fi í sínú àgbo fún ẹni tó ń lo oògùn dókítà. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì tó lágbára sílẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ pé òyì ń kọ́ òun ni yóò jìyà rẹ̀. Kí dókítà gbọ́ nípa gbogbo àgbo. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun: ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Thomas Adeoye Lambo fi àwọn aláìsàn sáàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. 

Òfin ilẹ̀ Ireland pàápàá ti yí padà. Láti 1871 ni òfin kan ti fi ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n bá kà sí aláìlóye sọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2023, òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé olúkúlùkù lè pinnu fún ara rẹ̀, kí wọ́n tó wo irú ìrànlọ́wọ́ tó nílò. Ẹ̀ka ìjọba tó ń jẹ́ Decision Support Service ló ń bójú tó o. Òbí kò lè torí pé òun ni òbí fọwọ́ sí ìtọ́jú fún ọmọ tó ti pé ọdún 18. Èyí ń ya ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ya ẹni tó gba orí gbọ́ lẹ́nu. Olúkúlùkù ló yan orí tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ẹlòmíràn yàn án. Kí wọ́n tó tẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nífá, tàbí kí wọ́n tó gbé e lọ bọ orí, ó yẹ kí wọ́n bi í, pẹ̀lú àwòrán tàbí ọwọ́ bí ẹnu kò bá sí, kí wọ́n sì gbà bó bá kọ̀.

Ọ̀dọ̀ GP ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n mú ìwé dání tí wọ́n kọ oorun, oúnjẹ, ìgbẹ́, oògùn, àgbo àti ọjọ́ tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀ sí. Fún ọmọdé, òfin 2005 fún òbí láyè láti béèrè àyẹ̀wò àìní lọ́wọ́ HSE; ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3. Ìdúró sábà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí wọ́n tètè béèrè, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà. Bí dókítà bá ní "bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ìdáhùn ará ilé ni pé kò rí báyìí lóṣù tó kọjá. Ọbàtálá ló mọ ọ́n. Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ló mọ bó ṣe wà lánàá.