Okùn Kànga Kì í Súnkì: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ni Nípa Iṣan Ara

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní í máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣan ara ń súnkì bí rọ́bà. Gbólóhùn náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n aṣinilọ́nà ni. Èdè Yorùbá ní ohun tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ṣe àlàyé.

Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Yorùbá ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan; ó sì tún ń pe ẹran ara tí ó rọ̀ mọ́ egungun, èyí tí ènìyàn fi ń rìn tí ó sì fi ń gbẹ́rù, ní iṣan. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín.

Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá wò ó, ìlà dúdú àti ìlà tí ó mọ́lẹ̀ ni a ó rí, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlà ara aṣọ òfì. Fọ́nrán purotéènì méjì ni ó gbé ìlà wọ̀nyí ró: máyósìn tí ó nípọn àti ákítìn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ọdún 1954, Hugh Huxley àti Jean Hanson, àti Andrew Huxley pẹ̀lú Rolf Niedergerke nínú iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, ṣàlàyé pé bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, àwọn fọ́nrán náà kì í kúrú. Ńṣe ni wọ́n ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá.

Ẹni tí ó bá ti fa omi kànga rí yóò tètè lóye èyí. Ọwọ́ á di okùn mú, á fà á, á tú u, á sì tún na ọwọ́ di iwájú mú. Okùn kò súnkì, síbẹ̀ korobá ń bọ̀ lókè. Orí máyósìn ni ọwọ́, ákítìn ni okùn. Kálísíọ̀mù ní í ṣí ààyè sílẹ̀ kí ọwọ́ tó lè di okùn mú. ATP, èyí tí ara fi agbára inú oúnjẹ ṣe, ní í jẹ́ kí ọwọ́ tú okùn, kí ó sì tún nà síwájú.

Ìdí nìyí tí òkú fi ń gan. Bí ATP bá ti tán, orí máyósìn kò lè tú ákítìn sílẹ̀ mọ́, títí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi rọ́bà kọ́ kò ní rí ìdáhùn sí èyí.

Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù sọ́wọ́ olùkọ́ ni kí ó mọ ohun náà dunjú kí ó tó wá àfiwé fún un.